Ẹni Tí Ń Po Ìyẹ̀fun

Aago mẹ́rin kò tíì lù,
Thirza Coates ti dọwọ́ bọ ìyẹ̀fun.
Yìnyín ń bọ́ lórí òkè Yorkshire,
àgùntàn fara ti ara lẹ́yìn ògiri òkúta,
ó ń gún un, ó ń yí i, ó ń nà án,
títí tó fi wú bí ikùn olóyún.
Lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, Lédì ṣì ń sùn,
orí rẹ̀ lórí ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ.

Tíṣà Dinsdale dé sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn,
ó wá gba búrẹ́dì àná tí wọ́n ń tà fún un ní ẹ̀dínwó,
eruku ìwé lára kóòtù, ikọ́ láyà.
Ó ní, "Orúkọ tí ẹ fi ń pe obìnrin òkè yẹn,
ṣé o mọ ìdílé rẹ̀?
Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan. Méjì ni wọ́n,
wọ́n ti so pọ̀ kí gíláàsì tó dé ojú fèrèsé.
Hlaf ni àkọ́kọ́: búrẹ́dì.
Dige ni èkejì: obìnrin tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ pò ó."

Àwa náà mọ irú rẹ̀:
bàbá wọlé, ó di baálé,
a kò bi í léèrè ohun tó jábọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ó ní àbúrò," ni Tíṣà wí, "ọmú kan náà ni wọ́n mu.
Ẹ̀gbọ́n gòkè, wọ́n fi sílíìkì bò ó.
Àbúrò lọ ń fún wàrà màlúù,
ẹnikẹ́ni kò rántí orúkọ rẹ̀ mọ́."

"Lọ́ọ̀dù ńkọ́?"

"Olùṣọ́ búrẹ́dì ni."

Thirza rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀:
"Bí ológbò ṣe ń ṣọ́ ẹja!"

Lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Ó wo èékánná rẹ̀,
ìyẹ̀fun ti gbẹ sí kọ̀rọ̀ wọn,
ó wo àpá ààrò lọ́rùn ọwọ́ òsì.
"Tíṣà, ta wá ni lédì inú ilé yìí?"
Tíṣà wúkọ́. Ó gbé búrẹ́dì rẹ̀ sábíyá.
Agogo ìpè dún lára ògiri.
Ó nu ọwọ́, ó gun àtẹ̀gùn méjìdínlógún.

Lọ́jọ́ kejì, kó tó ti búrẹ́dì sínú ààrò,
ó fi àtàǹpàkò tẹ ìdí rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré,
níbi tí ojú kì í dé.
Obìnrin òkè fi bọ́tà sí i,
ó jẹ orúkọ ara rẹ̀,
ó ní iyọ̀ rẹ̀ kò tó.