Ọ̀tún Ta Ni?

Ọmọ yunifásítì ni Gbọ́ládé. Láti ìgbà ọyẹ́ títí káṣú fi so
èmi ni mò ń gẹ irun rẹ̀,
kò san kọ́bọ̀.
"Bàbá, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀." Mò ń kọ ọ́ sílẹ̀,
títí ìwé gbèsè fi di ìwé ìtàn.
Lọ́jọ́ tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti fi Ògbómọ̀ṣọ́ sílẹ̀
ó gbé páálí kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìjẹ̀rù:
hẹlikópítà kékeré, tí kò tóbi ju ẹyẹlé méjì lọ,
bátìrì kan, àti rìmóòtù tó ní ọ̀pá méjì lórí bí ìwo ìgbín.
"Ẹ fi ṣe ìdógò. N óò padà wá gbà á."

Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, kí ló fẹ́ fi ohun ìṣeré ṣe?
Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíríìtì àti páúdà.
Oṣù méjì ló fi ń wò mí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi kan, mo gbé e lọ sí pápá ilé-ìwé.
Ó fò sókè bí adìyẹ tó rí àṣá,
ó fì, ó kọrí sí igi máńgòrò,
abẹ̀bẹ̀ kan ṣẹ́.
Àwọn ọmọkùnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù dùbúlẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.
Oyèbísí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ọmọ Adélàkún wẹ́dà, ọmọ ọdún mọ́kànlá:
"Bàbá, ẹ jẹ́ kí ìrù ẹ̀ kọjú sí yín ná,
kí ẹ̀yin àtòun jọ máa wo ibì kan náà.
Tó bá ti yí imú sí yín,
ọ̀tún yín ti di òsì ẹ̀ nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ dígí mà nìyẹn!
Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń di kílípà mú níwájú dígí.
Ohun tí mo mọ̀ lórí èèyàn,
n kò mọ̀ ọ́n lójú sánmọ̀.

A fi gúlù lẹ abẹ̀bẹ̀, ó tún ṣẹ́.
A gé ìdérí bọ́kẹ́ẹ̀tì, a gbẹ́ òmíràn,
ó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe.
Iná dé láago méjì òru, mo dìde lọ ki bátìrì.
Ìyàwó mi ní, "Ṣé òru ni nǹkan yẹn máa ń jẹun ni?"

Lílọ kò ṣòro. Òkò pàápàá ń lọ.
Dídúró ni iṣẹ́:
kó má lọ síwájú, kó má rẹ̀yìn,
kí atẹ́gùn dé (atẹ́gùn ìlú wa kì í kan ilẹ̀kùn)
kó sì wà níbi tí mo fi í sí.
Mo ń fi agbára tẹ̀ ẹ́, ó ń bínú.
Àfìgbà tí mo rántí orí ìkókó,
bí a ṣe ń fi abẹ kọjá lórí àwùjẹ̀
tí kò tíì le.
Àtàǹpàkò mi rọ̀.

Sátidé kan, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá,
ewúrẹ́ méjì ń jẹko nínú gọ́ọ̀lù.
Ó gbéra, ó ga dé àyà mi,
ó dúró.
Oyèbísí ń kà á: ení, èjì, ẹ̀ta...
Mo gbọ́ ogún. Mo gbọ́ ọgbọ̀n. N kò mí.
Afẹ́fẹ́ rọra yí i, ó di pé imú rẹ̀ kọjú sí mi,
à ń wo ara wa bí oníbàárà inú dígí,
ọwọ́ mi sì ti mọ ohun tó máa ṣe kí èmi tó mọ̀.
Mọ́kànlélógójì.
Bátìrì kú. Ó jókòó sínú ẹrẹ̀, nǹkan kan ò ṣẹ́.

Gbọ́ládé pè láná. Ó ti ríṣẹ́,
yóò wá sanwó lópin oṣù.
Mo ní kò burú.
Láti àárọ̀ ni mo ti ń yẹ ìwé gbèsè wò,
mò ń wá iye tí mo lè bù lé e
tí apá rẹ̀ kò fi ní ká a.
Ẹni tó wà lórí àga ń pariwo: "Ọ̀tún, Bàbá! Ọ̀tún ni kò dọ́gba!"
Mo gbójú sókè, mo wo dígí.
Mo ní, "Ọ̀tún ta ni?"