Wo Omi

Apá òsì ni mo nà fún Nọ́ọ̀sì Rífkátù
ní ilé-ìwòsàn ẹ̀yìn ojú irin, ní Kàfáńṣàn.
Ọyẹ́ ti la ètè mi,
mi ò tíì fi nǹkan kan ẹnu láti alẹ́ àná.
Awò ojú ni mo bá wá o.
Òun ló ní kí n kọ́kọ́ ká apá ẹ̀wù.

Ó so aṣọ dúdú mọ́ mi lápá, ó ń fún rọ́bà,
ọwọ́ aago gbéra, ó gòkè, ó ń gbọ̀n bọ̀ wálẹ̀.
Nígbà èwe wa l'Ógbòmọ̀ṣọ́,
ìfúnpá ni ohun tí akin ń so kí ọta má wọlé sí i lára.
Èyí tí mo so lónìí,
ńṣe ló ń wádìí bóyá ọ̀tá ti wà nílé.

Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan. Ó ní kí n mí. Ó tún un wọ̀n.
Ó bọ́ ọ sí apá ọ̀tún.
Òkè: méjìdínlọ́gọ́jọ.
Ìsàlẹ̀: mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún.
Ó fi bírò fa ìlà sáàárín wọn,
ó tẹjú mọ́ àlàfo náà
bí ọdẹ tó rí ipa ẹsẹ̀ lórí iyanrìn.
"Bàbá Láosébìkan, ẹ mú ìka wá."

Ìka kẹ̀?
Apá ló ṣẹ̀, kí ni ti ìka níbẹ̀?
Ẹ̀jẹ̀ ríru lẹ rí, ẹ wá ń bèèrè àtọ̀gbẹ,
àrùn tí èèrà fi ń ṣù bo ìtọ̀ ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìnkùlé,
tí wọ́n fi gé e lẹ́sẹ̀ ní Jọ́ọ̀sì!

Kò rẹ́rìn-ín.
"Mi ò sọ pé ó ti dé.
Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ń ru báyìí,
ṣúgà a máa tètè mọ ọ̀nà ilé rẹ̀ ju ilé ẹlòmíràn lọ.
Bóyá èkíní ló ń pe èkejì,
bóyá ẹnìkan náà ló rán àwọn méjèèjì níṣẹ́,
èmi ò lè búra.
Àmọ́ bí mo bá rí ọ̀kan lójúde,
mo máa ń wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn."

Mo dákẹ́.
Nígbà tí mo ń fi ṣọ́bìrì da èédú sẹ́nu ẹ́ńjìnì,
aago méjì ló wà níwájú wa:
ọ̀kan ń ka agbára ooru,
èkejì, gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́, ń fi bí omi ṣe kù hàn.
Bí ti àkọ́kọ́ bá ti sún mọ́ ìlà pupa,
Dírẹ́bà Áútà kì í bá a wí.
Á kígbe mọ́ mi nínú ariwo: Dúbà rúwá!
Wo omi!
Ìkòkò kan ṣoṣo ni, ẹnu méjì ló fi ń sọ̀rọ̀.
A gun òkè Jọ́ọ̀sì láìmọye ìgbà,
ìkòkò kankan ò bẹ́ lójú mi.

Mo na ìka.
Abẹ́rẹ́ jẹ mí bí ìjàlọ.
Méjìdínlọ́gọ́fà.
"Kò tíì wọlé," ni Rífkátù wí,
"ṣùgbọ́n ó ti jókòó sẹ́nu bodè, ó ń ka owó ọkọ̀."
Ó kọ oògùn. Ó ní kí n máa rìn. Ó ní oṣù mẹ́ta.
Awò ojú tí mo bá wá,
àwa méjèèjì ti gbàgbé rẹ̀.

Mo gba ojú irin lọ sílé, koríko ti ń bò ó.
Irin méjì, wọn ò fara kanra rí,
ìlú kan náà ni wọ́n jọ ń lọ.

Lábẹ́ dóńgóyárò, Háṣímù màì-ṣáì ti rí mi lókèèrè,
ó ti ju kóró ṣúgà mẹ́rin sínú kọ́ọ̀bù mi,
bó ti ń ṣe láti ọdún mọ́kànlá.
Mo wò ó. Ó ń yọ́.
Áútà tó ti kú tipẹ́ kígbe nínú mi.
Mo ní kí Háṣímù da á nù, kó bu òmíràn láìsí ṣúgà.
Ó rò pé mo ń ṣeré.
Mo dúró tì í títí ó fi dà á nù.

Ká má parọ́:
mo ti kọ́kọ́ mu ẹnu méjì nínú rẹ̀.