Lẹ́yìn Ọ̀bbo, Lórí Àpáta

Mo purọ́ fún Ṣíjúadé. Mo ní ìdí kaṣú ni mò ń lọ.
Bí mo bá sọ òótọ́, yóò wo orúnkún mi,
yóò pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìlọrin.
Mo gbé fúláàsì, ẹ̀pà sísè nínú ọ̀rá,
ìdajì búrẹ́dì àná.
Làmídì já mi sílẹ̀ níbi tí ọ̀kadà kò ti lè gòkè mọ́.
Ó ní, "Màámi, kí lẹ fẹ́ wá níbí?"
Mo ní, "Atẹ́gùn." Ó rẹ́rìn-ín, ó yí orí alùpùpù padà.

Ìsàlẹ̀ ti là. Mo rí páànù ilé-ìwé
tí mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣe tíṣà níbẹ̀.
Òkè ni kò tíì jí.
Ó fi kùrukùru bora dé ọrùn
bí ọmọ tí kò fẹ́ lọ kàwé.

Mo gùn ún. Àpáta ń yọ̀ bí ẹja àrọ̀.
Mo ka ẹsẹ̀ mi dé igba, mo gbàgbé, mo tún bẹ̀rẹ̀.
N kò mọ̀ pé mo ti dé orí;
èémí mi ló kàn balẹ̀.
Funfun níwájú, funfun lẹ́yìn,
koríko bẹẹrẹ tó ru omi,
tó ń tú u sí mi lára díẹ̀díẹ̀
bí ẹni ń san gbèsè.

Nǹkan fò lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, fìrì! Àparò ni.
Wọ́n ní ọ̀kan kò ga ju ọ̀kan lọ àfi èyí tó gun ebè.
Èmi gun odindi òkè,
n kò rí ẹni tí mo fẹ́ ga jù.

Igi osè kan yọ sí mi lójijì,
bí ẹni tó ti jókòó sí yàrá tí a rò pé ó ṣófo.
Mo kí i. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?
Mo rìn fún wákàtí kan gbáko, mo tún bá osè,
àpá kan náà lápá òsì.
"Ìwọ náà nìyẹn," ni mo wí. Mo jókòó.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ojú ọlọ lára àpáta,
mẹ́fà, omi òjò kún inú wọn.
Orí òkè ni wọ́n sá sí nígbà ogun, bàbá mi ló sọ bẹ́ẹ̀,
pé ìyá ìyá rẹ̀ lọ àgbàdo níbí
láìgbọdọ̀ kọrin, kí ọ̀tá má baà gbọ́.
Mo ti kọ ìtàn náà sí pátákó fún kíláàsì karùn-ún,
mo ti fi máàkì sí i.
N kò fi ọwọ́ kàn án rí.
Mo ki ọwọ́ bọ ọ̀kan. Ó gba ọwọ́ mi dé ọrùn ọwọ́.
Ó jinlẹ̀ ju bí mo ṣe kọ́ wọn lọ.

Agogo màlúù ń dún lọ́tùn-ún, ó tún dún lẹ́yìn mi.
Ọmọkùnrin kan ń súfèé. Mo súfèé padà,
èmi, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin,
tí wọ́n nà nígbà èwe torí obìnrin kì í súfèé.
Ó dákẹ́. Ó tún súfèé.
A kò rí ara wa.

Lọ́sàn-án, kùrukùru ya níbì kan:
mo rí títì, mo rí mọ́tò kan tó kéré bí kúlúsọ,
tó ń wọ́ lọ. Ó tún pa dé.
Mo jẹ búrẹ́dì. Tíì ti tutù.

Ipa ẹsẹ̀ màlúù ni mo tọ̀ sọ̀kalẹ̀.
Ṣíjúadé wo bàtà mi, ó wo eèmọ́ tó lẹ̀ mọ́ ìró mi.
"Kaṣú ńkọ́?"
"Kò tíì so."
Kaṣú kì í so lóṣù kẹsàn-án. Àwa méjèèjì mọ̀.
Ó gbé omi gbígbóná kaná fún orúnkún mi.
Ọwọ́ mi ṣì tutù, èyí tí mo kì bọ ọlọ.
N kò jẹ́ kó fi kan omi náà.