Òdo

Èmi ni mo kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé náà,
ní yàrá òkè ilé-iṣẹ́ ẹja inú agolo, ní Santoña,
níbi tí òórùn iyọ̀ kì í ti í kúrò lára aṣọ wa,
bó ti wù ká fọ̀ ọ́ tó.

Gbèsè ti jẹ owó ìpìlẹ̀ tán.
Agbẹjọ́rò tó ti Bilbao wá ní oògùn rẹ̀ ò ṣòro:
ẹ mọ dùùrù tí wọ́n ń gbé kọ́ àyà,
ẹ ó kọ́kọ́ fún un pọ̀ títí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á fi tán pátá,
ẹ ó wá fà á gbọọrọ, kí ohùn tuntun lè jáde.
Ó fi ọwọ́ méjèèjì júwe rẹ̀.
Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

Obdulia Ruigómez ò rẹ́rìn-ín.
Ọdún mọ́kànlélógójì ló fi yọ egungun lára ẹja wẹ́wẹ́.
Saturio, ọkọ rẹ̀, fi igba ìpín sílẹ̀ fún un
nínú páálí bàtà,
pẹ̀lú fọ́tò ọkọ̀ ojú omi kan tó ti rì.

Ó nawọ́ sókè. “Igba tèmi, mélòó ni yóò kù?”
“Òdo, màmá. Ti gbogbo wa ló di òdo. Ọgbọọgba ni.”
“Ta ni yóò wá fà á gbọọrọ?”
“Ẹni tó bá lówó. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ lẹ́tọ̀ọ́ àtirà, oṣù kan gbáko.”

Ẹ̀tọ́!
Wọ́n gbé àkàbà lọ,
wọ́n wá ní ilẹ̀kùn òkè ṣí sílẹ̀.

Àmọ́ kí n má parọ́.
Láìsí owó tuntun yẹn, ọgọ́rin obìnrin
ì bá ti nu ọ̀bẹ wọn fún ìgbà ìkẹyìn
kó tó di Kérésìmesì.
Àbúrò mi wà nínú wọn.

Ìpín ni à ń pe bébà inú páálí,
ìpín náà ni à ń pe ohun tí a yàn wá sáyé.
Mo kọ ọ́ sílẹ̀: *a pa gbogbo ìpín àtijọ́ rẹ́.*
Ọwọ́ mi dúró díẹ̀.
Mo kọ: *gbogbo ìjókòó fohùn ṣọ̀kan,*
mo fi kún un: *àfi ẹnì kan.*
Wọ́n ní kí n yọ ìyẹn. N ò yọ ọ́.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè ó wá fọwọ́ síwèé.
Ó ní kí n fi òdo náà han òun.
Ó fi ìka tọ́ ọ wò, yí i po, díẹ̀díẹ̀,
bí ẹni ń wá egungun.
“Ó mọ́,” ló wí. “Wọ́n yọ ọ́ dáadáa.”