Igi Tí Fricis Là Sílẹ̀

Mẹ́tàdínlógún ló kù.
Mo kà á lánàá, mo tún un kà láàárọ̀ yìí,
bí ẹni pé igi a máa bímọ lóru.

Kì í gbé àáké nígbà ooru.
Ó ní igi ń mumi lásìkò yẹn,
ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́ kì í ṣe ẹni à ń pa.
Àfi oṣù kejì, tí yìnyín bá muni dé orúnkún,
tí ẹrẹ̀ etí odò dì gbagidi, tó ṣeé tẹ̀.
Ibẹ̀ ni àlíkísì ń gbé,
igi tí kò kọ̀ kí ẹsẹ̀ òun tutù.
Bó ṣe gé e, funfun bí eyín;
kí o tó mójú kúrò, ó ti pọ́n,
ó ń ṣẹ̀jẹ̀ bí ẹran.
Ọdún àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo figbe ta.
Ìyàwó tuntun ni mí, ọmọ Rígà, ọmọ ilé alájà mẹ́rin,
mo rò pé ó ti ṣá ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀ ni.
Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sínú yìnyín.

Èèpo bíbó, iṣẹ́ tèmi nìyẹn.
Èèpo ló ń mú ẹja korò.
Ọ̀bẹ ọlọ́wọ́ méjì, igi lórí itan, fàá, fàá,
títí àwọ̀ bí osùn fi wọ èékánná mi,
tí ọṣẹ kankan ò ràn án.
Là á sí mẹ́rin. Tò ó sápá ibi tí afẹ́fẹ́ òkun ti ń wá.
Má bò ó pa. Jẹ́ kó mí.
Ọdún méjì,
títí méjì á fi kan ara wọn tí wọ́n á dún gán-án,
tí wọn ò ní dún bọ̀ọ̀.

Páínì ni Zelma aládùúgbò wa fi ń yan tirẹ̀.
N ò fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn láìdáa.
Ẹja rẹ̀ dà bí ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn.
Ó ti bọ́ lẹ́nu mi.

Ahéré èéfín wa, ọkọ̀ ni:
ọkọ̀ bàbá Fricis tó ti gbó,
a gé e sí méjì, a dojú rẹ̀ délẹ̀, a fi ọ̀dà kùn ún lẹ́yìn.
Ọkọ̀ kú, ó di ilé ẹja.
Ọkọ kú,
mo ti ń wá ohun tó yẹ kó tẹ̀ lé e láti oṣù kọkànlá.

Kì í ṣe òkun ló pa á.
Àyà ni, lórí bẹ́ẹ̀dì, tòun ti ìbọ̀sẹ̀.
Òkun tó fi àádọ́ta ọdún bẹ̀rù, kò tilẹ̀ gbọ́.

Ritvars, ọmọ ọmọ mi, gbé àpò kan dé láti ìlú,
igi tí ẹ̀rọ gé wẹ́wẹ́, ó dọ́gba bíi ṣúgà.
"Màmá àgbà, ẹ lo èyí. Ẹ tọ́jú ti Bàbá."
Kí n tọ́jú rẹ̀ fún ta ni?
Igi tó bá gbẹ jù, iná lásán ló ń jó;
kòkòrò á jẹ ìyókù.

Mo ki márùn-ún sínú ààrò.
Ogún ẹja pẹlẹbẹ so rọ̀ lórí irin,
ojú wọn méjèèjì lápá kan, wọ́n ń wò mí.
Èéfín gba ibi tí ọkọ̀ ti sán jáde.
Ritvars ní ojú mi ń ṣomi.
Èéfín ni, mo ní.

Ṣùgbọ́n ojú tó ń sunkún a máa ríran.
Lára igi kẹfà, mo rí ojú àáké:
ó ṣá a, ó tàsé; ó tún un ṣá, ó tún tàsé;
ẹ̀ẹ̀mẹrin kó tó là.
Fricis, tó ń fi ẹ̀ẹ̀kan là á.
Ó ti ń rẹ̀ ẹ́ nígbà yẹn, kò sọ fún mi.
Mo dá ẹyọ yẹn padà sórí òkìtì.

Ritvars, wọ bàtà gígùn wá lóṣù kejì.
Àáké wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.
Ohun tí a bá gé, ó di ọdún méjì kó tó ṣeé dá.
Mo ti di ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin.
Jẹ́ ká gé púpọ̀.