Koríko Etí Oko Eufrosina

Ní àfonífojì odò Balsas,
níbi tí oòrùn ti ń yan òkúta bí ẹni ń yan ẹ̀pà,
koríko kan wà létí oko Eufrosina
tí Abundio ọmọ rẹ̀ ti fẹ́ fi àdá pa rẹ́ láti ọdún mẹ́ta.
"Ìyá, èyí ò wúlò. Ewúrẹ́ pàápàá ń fi imú tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́."
Ìyá kò dáhùn. Ó ń bó àgbàdo,
dúdú, pupa, funfun bí eyín ọmọ ọwọ́,
èèpo ń bọ́ sílẹ̀, aṣọ lórí aṣọ,
aṣọ ẹni tó lọ sóko níhòòhò
tó kó igba aṣọ wálé.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀mọ̀wé kan dé láti ìlú ńlá,
bàtà rẹ̀ ṣì ń dán.
Ó ní òun ń wá ibi tí àgbàdo ti ṣẹ̀.
Eufrosina fi àgbọ̀n júwe:
"Òun nìyẹn. O fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀."
Ó já ṣírí kan, ó gbọ̀n ọ́n sí àtẹ́lẹwọ́ àlejò.
Hóró mẹ́jọ. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Ó le bí òkúta inú ìrẹsì.
Ọ̀mọ̀wé fi eyín dán ọ̀kan wò, ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú,
Abundio rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó.

Èdè tèmi ní òwe kan:
àgbàdo kì í ṣèèyàn, ta ní ń rí ọmọ lẹ́yìn eèsún?
Ó dára.
Mo ti rí eèsún tó pọn ọmọ.

Ọ̀mọ̀wé ní ó ti tó ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ọdún
tí ẹnìkan ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí koríko yìí.
Kò mọ orúkọ onítọ̀hún.
"Obìnrin ni," ni Eufrosina wí, bí ẹni tó bá a jẹun lánàá.
"Ọmọ ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀.
Ó ní sùúrù, torí kò ní nǹkan mìíràn.
Ó ṣa hóró tó tóbi díẹ̀ sọ́tọ̀,
ebi ń pa á, kò jẹ ẹ́,
ó gbìn ín.
Ọmọ rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọmọ rẹ̀ náà.
Wọ́n ń kú, hóró ń sanra."

Ìgbà tó sanra tán, ó rìn.
Ó gun òkè, ó wọ ọkọ̀ ojú omi láìsanwó,
ó dé ibi tí wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ tuntun,
tí wọ́n sì búra pé àwọn ló bí i.
Èmi náà ti bá wọn búra rí.

Nírọ̀lẹ́, ọkọ̀ akẹ́rù Nicandro ti ìhà àríwá dé,
àpò lórí àpò, àgbàdo rúsúrúsú,
hóró dọ́gba bí ìlẹ̀kẹ̀,
owó rẹ̀ kò tó ìdajì òógùn tiwọn.
Abundio ra àpò kan fún ẹlẹ́dẹ̀,
ó sọ ọ́ sílẹ̀ létí oko.
Báyìí ni ọmọ ṣe padà sílé,
nínú ọ̀rá, òǹtẹ̀ láyà,
kò kúnlẹ̀, kò dọ̀bálẹ̀,
ó fẹ̀yìn ti koríko kan
kò mọ̀ pé ìyá òun ni.

Ọ̀mọ̀wé lọ. Ó kó hóró méje sápò ìwé;
ìkẹjọ ṣì wà níbì kan láàrin eyín rẹ̀.

Nígbà ìkórè tó tẹ̀lé e, Eufrosina rí igi kan
tí kò jọ ti inú oko, tí kò jọ ti etí oko.
Ṣírí rẹ̀ kò ju ìka ọmọdé lọ.
Afẹ́fẹ́ ti ń gbé ọ̀rọ̀ láàrin àwọn méjèèjì lóru.
"Jù ú nù," ni Abundio wí.
Ó so ó mọ́ àjà, lókè èéfín ààrò,
níbi tí ìyá rẹ̀ máa ń so tirẹ̀ mọ́.

Lọ́dún yìí náà, Abundio pọ́n àdá.
Ó ro oko dé etí.
Ó dúró díẹ̀.
Ó yà.