Abẹ́rẹ́ Mẹ́ta

Ọyẹ́ ti là mí létè kí n tó dé Panteka.
Mo gbé Bẹ́dífọ́ọ̀dù Bàámi sábẹ́ igi dóńgóyárò,
ọkọ̀ tó fi ọdún méje dàgbà jù mí lọ,
tí wọ́n kọ KÒ SÉWU sí níwájú orí
pẹ̀lú ọ̀dà pupa tó ti ń re bí èépá ojú egbò.

Rìwáyà ni mí.
Iná ọkọ̀ ẹlòmíì ni mo fi ń jẹun láti ogún ọdún.
Ti Bàámi nìkan ni mi ò fọwọ́ kàn rí:
kò gbà.

Géèjì kan ṣoṣo ló bá ọkọ̀ yìí wá láti ìlú òyìnbó.
Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti kú sí àárín gbùngbùn
láti ìgbà tí mo wà ní kíláàsì kẹta.
Ẹ tan iná, àárín. Ẹ paná, àárín.
Omi gbẹ tán nínú rédíétọ̀, àárín náà ló wà,
ó ń wojú wa bí ẹni tó jẹun yó.

Mẹ́ta ni mo rà lọ́wọ́ ọmọ Nnewi kan:
ọ̀kan fún ooru, ọ̀kan fún ìfúnpá ọ́ìlì,
ọ̀kan fún iná bátìrì.
Ẹnu wọn kò bá ti ẹ́ńjìnnì mu.
Ìyẹn ń sọ èdè nọ́ọ̀tì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, àwọn wọ̀nyí ń sọ ti Ṣáínà.
Ishaku ará Zonkwa ló fi idẹ gbẹ́ ògbufọ̀ kékeré fún wọn lórí léètì,
ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà, kò dín kọ́bọ̀.

Màlámù Gambo jókòó sórí táyà, ó ń wò mí.
Òun àti Bàámi ló jọ fi ọkọ̀ yìí kó àlùbọ́sà
láti Kánò dé Ògbómọ̀ṣọ́ fún ọdún mọ́kàndínlógún.
Yorùbá rẹ̀ dùn ju tèmi lọ, pàápàá tó bá ń bú èèyàn.
"Géèjì wo? Àtẹ́lẹwọ́ mi ńkọ́?
Bí bọ́nẹ́ẹ̀tì bá jó ọwọ́ yìí ju bí ife tíì ti ń jó o lọ,
a ó dúró. A ó kírun. A ó tún máa lọ."

Mo fa wáyà gba ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù.
Mo rọra tẹ páìpù bàbà tó tín-ín-rín bí ìfun adìyẹ.
Mo yí kọ́kọ́rọ́. Abẹ́rẹ́ kankan ò mira.
Gambo rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀.

Wáyà ilẹ̀ ni. Orí ọ̀dà ni mo dè é mọ́.
Mo fi sáńpépà ha á títí irin fi hàn gbangba;
ohun tí kò bá kan ilẹ̀, kò lè sọ òótọ́.
Mo tún yí kọ́kọ́rọ́.
Ọ́ìlì fò sókè, ó dúró sí ogójì. Ooru gbéra.
Ti bátìrì nìkan ló ń rìn sẹ́yìn,
mo ti gbé wáyà ọ̀tún fún òsì:
ó ní à ń jẹ gbèsè, owó sì ń wọlé.

Bàámi náà, àárín ni abẹ́rẹ́ tirẹ̀ máa ń wà.
Ṣé ara le? Ó le.
Orí ń fọ́ ọ, ó le. Ẹsẹ̀ wú, ó le.
Nọ́ọ̀sì tó wọn ìfúnpá rẹ̀ lọ́jọ́ tó kẹ́yìn
wo ẹ̀rọ náà, ó tú u, ó tún un dè.
Ó rò pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́.

Mi ò yọ ti àtijọ́ kúrò. Mo so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sábẹ́ rẹ̀,
a sì gba ọ̀nà Zaria láti dán wọn wò.
Nígbà tó kù díẹ̀ ká dé Jájì, ooru bẹ̀rẹ̀ sí í gùn.
Mi ò sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ mọ̀.
Gambo ò wo géèjì. Ó bọ́ bàtà,
ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ kan irin tó wà láàárín wa àti ẹ́ńjìnnì.
"Dúró," ló wí,
bí abẹ́rẹ́ ṣe fẹnu kan pupa.

Ó kírun kí ooru tó jẹ́ ká ṣí rédíétọ̀.
Èmi jókòó sínú ọkọ̀,
mo ń wo abẹ́rẹ́ tuntun tó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.
Èyí tó wà lókè rẹ̀ ṣì ń sọ fún mi
pé kò séwu.